Ihò Keje Tí Wọ́n Fún Bíọ́lá

Àgbàlá mi ni mo ń gbá láàárọ̀ òní, ọwọ́ òsì ni mo sì fi di ìgbálẹ̀ mú, nígbà tí ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bíọ́lá ló sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò wá sílé mi rí, èmi náà kò sì lọ sí tirẹ̀ rí. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di èjìká òsì mú, ó wò mí, ó wo ìgbálẹ̀, kò tíì kí mi. Mo mọ ohun tó gbé e wá. Gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí ní pápá gọ́ọ̀fù wa ló ti gbọ́ pé èjìká rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ mọ́, àti pé ẹgbẹ́ tó ni pápá ti ní kó fúnra rẹ̀ yan ẹni tí yóò gba iṣẹ́ gbígbálẹ̀ ihò keje lọ́wọ́ rẹ̀.

Ihò keje yẹn ni mo fẹ́ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́. Kí n tó sọ ohun tó bá mi sọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe débẹ̀. Fúnkẹ́ ọmọ mi ló ní kí n kọ ọ́, torí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń kó ìtàn iṣẹ́ àwọn àgbà jọ fún àwọn tó ń jáde ìwé mẹ́wàá tí wọn kò tíì mọ ibi tí wọn yóò yà sí.

Èmi náà jáde ìwé mẹ́wàá, ní Ayétòrò. Kò sí ẹni tó lè rán mi síwájú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gé igi fún ilé-iṣẹ́ pákó ló mú mi lọ sí pápá, wọ́n sì gbà mí. Owó oṣù náà kéré, àmọ́ ó ń wọlé. Ìyẹn tó nípa owó.

Pápá náà wà láàrin oko, ẹ ó yà kúrò lójú ọ̀nà tó ti Ìlarò lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Bí ẹ bá ti rí gọ́ọ̀fù nínú tẹlifíṣọ̀n, koríko tútù tó tẹ́ bí kápẹ́ẹ̀tì lẹ rí. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Níbi tí ihò wà, tí wọ́n ti ń ti bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀, yanrìn ni: yanrìn tí a jọ̀, tí a wá fi ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì Ìlarò tú kúrò nínú ọkọ̀ pò, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Bíráùn ni a ń pè é. Ihò mẹ́sàn-án, bíráùn mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ wa ni ká gbá a kó tẹ́ bí ojú tábìlì kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó dé, ká sì tún un gbá bí wọ́n bá ti fi bàtà tẹ̀ ẹ́ kọjá.

Bàbá Lámídì ni olórí wa. Òun ló ru èèkàn tẹ̀lé òyìnbó tó kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ náà. Ó ní òyìnbó náà fẹ́ wó gbogbo òkìtì ọ̀gán, kó dí gbogbo kòtò, kó sì gé gbogbo igi tó bá dí i lójú. Bàbá á kàn nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á ní, "Ọ̀gá, ẹ gba ibí." Nígbà tó yá, òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pápá wa fi rí bó ṣe rí. Ihò kìíní ń lọ tààrà láàrin igi tíìkì. Ìkejì kọjá lórí ọ̀nà tí àwọn Fúlàní ń da màlúù gbà tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn màlúù kò sì gbà pé nǹkan kan ti yí padà. Bí bọ́ọ̀lù bá ba màlúù, o máa tún un gbá ni. Ìkẹta fo odò kan tó máa ń gbẹ lọ́yẹ́. Ìkẹrin gùn, ó tẹ́, igi irú méjì ló dúró tì í. Kò sí ẹni tó ń ráhùn nípa ìkẹrin, kò sì sí ẹni tó ń yìn ín. Èyí ni wọ́n fún mi.

Òyìnbó lọ sílé rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é tán. Bàbá fúnra rẹ̀ ló la àwọn ihò tó kù, keje ló sì wà lọ́kàn rẹ̀ jù. Èèyàn á dúró lórí òkè kan, ọ̀gbun á wà níwájú rẹ̀, á sì yí gba ẹ̀gbẹ́ òkè kejì, ní òdìkejì ọ̀gbun ni bíráùn wà, lórí èjìká òkè kejì, bí ìgbà tí èèyàn gbé abọ́ lé orúnkún. Òkìtì ọ̀gán kan tó ga ju ènìyàn lọ ló ń ṣọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí o bá gbá bọ́ọ̀lù jù, igbó. Bí o kò bá gbá a tó, ọ̀gbun. Àwọn agbábọ́ọ̀lù á ti máa sọ̀rọ̀ keje láti ìkẹta, wọn á sì tún máa sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń mu mínírà lábẹ́ igi.

Nígbà tí mo dé, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Yanrìn ni mo ń jọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Bàbá á wá, á bu ẹ̀kúnwọ́, á fún un pọ̀. Bó bá túká, ọ́ìlì kò tó. Bó bá lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọ́ìlì ti pọ̀ jù. Á nu ọwọ́ sára igi, á kọjá lọ, èmi á sì da gbogbo rẹ̀ rú, màá tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tó fún mi ní ìgbálẹ̀, ó ní, "Kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù bọ̀. Máa fi ẹ̀yìn rìn. Bọ́ọ̀lù tó bá fẹ́ pa ọ́, jẹ́ kí ojú rẹ kọ́kọ́ rí i ná."

Òfin nìyẹn, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ rú u. Kàdì kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ru àpò fún agbábọ́ọ̀lù, ti kẹ́yìn sí bọ́ọ̀lù rí, bó ṣe yíjú padà ló bà á lẹ́nu, eyín rẹ̀ méjì sì wà nínú koríko ìkẹfà títí dòní. Bí a bá gbá a tán, Bàbá á bọ́ bàtà, á gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, á fi ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀ tì í. Bí bọ́ọ̀lù bá ta gìrì lójú ọ̀nà, ó máa fi ẹsẹ̀ rú bíráùn náà láti etí dé etí ni. Lọ́jọ́ kan ó rú ti ìkẹrin mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tún un gbá, ó tún un rú. Nígbà tó rú u lẹ́ẹ̀kẹta, mo bú sẹ́kún.

Ó ní, "Yétúndé, omi ojú rẹ ń kán sórí bíráùn. Lọ sunkún lábẹ́ igi irú."

Mo lọ sunkún lábẹ́ igi irú. Nígbà tí mo padà, mo gbá a, bọ́ọ̀lù sì yí lọ bí ẹni ń yọ̀ lórí òróró. Kò yìn mí. Ó kàn gbé bàtà rẹ̀ wọ̀.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń gbá keje nígbà náà. Lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá, à ń rí i tó ń fi bàsíà ru yanrìn gòkè. Ó ti ń dàgbà. Nínú gbogbo àwa tí a ń gbálẹ̀, èmi ni mo pẹ́ jù, èmi ni bọ́ọ̀lù kì í ta gìrì lórí bíráùn mi. Mo mọ̀ pé bó bá rẹ̀ ẹ́, èmi ni yóò gbé e fún. Mo ti sọ fún ìyá mi pàápàá.

Ìgbà yẹn ni Bíọ́lá dé. Ìmẹ̀kọ ló ti wá, ó sì ti gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ kan ní òdìkejì bọ́dà, nítorí náà bí o bá fún un ní omi, "mẹsí" tí wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́hùn-ún ló máa sọ. Kì í dákẹ́. Ó máa ń kọrin fún yanrìn. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, Bàbá fún un ní ìgbálẹ̀ kó gbá iwájú ṣẹ́ẹ̀dì wa. Ó wò ó títí. Ó ní kó tẹ̀lé òun. Àwa rò pé ibi tí a ti ń jọ yanrìn ló ń mú un lọ. Keje ló mú un lọ.

Mo sá tọ Bàbá lọ nírọ̀lẹ́. Mo ní, "Bàbá, ọlọ́wọ́ òsì lọmọ yẹn."

Ó ní, "Mo rí i."

Ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

N kò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé ohun tó ń jẹ mí láti ọjọ́ náà lọ fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ṣiṣẹ́ rí. Mo ń kúnlẹ̀ kí Bàbá láràárọ̀, kò rẹ́rìn-ín sí mi rí. Bíọ́lá á ní "mẹsí, Bàbá," Bàbá á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e. Mo dín ọ̀jọ̀jọ̀ wá fún Bàbá lọ́jọ́ kan, ojú mi báyìí ló ṣe pín in sí méjì, tó gbé ìdajì fún Bíọ́lá. Bíọ́lá jẹ ẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dùn o, àfi pé iyọ̀ rẹ̀ kò tó." Àwọn àlejò á ya fọ́tò ní keje, Bíọ́lá á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ọ̀gán, á fi ìgbálẹ̀ lé èjìká bí ṣọ́jà. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi irú mi.

Mo mọ ìtàn rẹ̀ o. Ó sọ ọ́ fún gbogbo wa, ó sì ń fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n máa ń fi aṣọ di ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ìhà bó bá fẹ́ jẹun. Tíṣà nà án lọ́wọ́ náà. Nígbà tó ń kiri búrẹ́dì, àwọn kan kọ̀ láti gba ṣéńjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ó ń fi òsì rí wọn fín. Ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò ṣe mí. Ohun tí mo ń rò ni pé, pẹ̀lú ọwọ́ burúkú yẹn náà, òun ni wọ́n gbé keje fún.

Lọ́dún kan, bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, ìyá Bíọ́lá ṣàìsàn, ó sì gba ìyọ̀ǹda lọ tọ́jú rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ. Mo lọ bá Bàbá. Mo bẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọdún yìí wá. Ó bi mí pé:

"O fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá."

"Gbà á."

Mo gbá keje bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀, yanrìn á ti sún lọ sí apá òsì mi, ní ìhà ọ̀gbun. Mo fi bàsíà ru òmíràn gòkè. Mo gbá a. Ó tún sún. Mo rò pé n kò gbá a tó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí mo ṣe ń tẹra mọ́ ọn tó ni ó ń burú tó. Ojú kò tètè rí i, torí ó ń dán, ó mọ́ tónítóní. Àmọ́ bí o bá bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ìsàlẹ̀, ó ti dà gẹ̀rẹ́.

Ìdíje ńlá bọ́ sí àárín àkókò náà. Àwọn àlejò wá láti Abẹ́òkúta àti Èkó. Èyí tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sí keje gbá a dáadáa, ó balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ asíá, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó rọra ń yí bí ẹni tí kò kánjú, ó gba ibi tó dà gẹ̀rẹ́, ó dé etí, ó bọ́ sínú ọ̀gbun. Ti ẹnì kejì tẹ̀lé e. Ti ẹ̀kẹta náà bọ́ síbẹ̀.

Ọkùnrin kan tó dé fìlà pupa kígbe pé, "Ṣé gọ́ọ̀fù lẹ pè wá wá gbá, àbí ẹ fẹ́ ká bá yín fi bọ́ọ̀lù dí kòtò?"

Àwọn kàdì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Keje ń jẹun o! Ẹ wá fún un lómi!"

Alága ẹgbẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Bàbá Lámídì níwájú gbogbo wọn, ó sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí. Bàbá ṣí fìlà rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Kò nawọ́ sí mi. Bó bá nawọ́ sí mi ni, ì bá sàn fún mi.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó pè mí sí etí bíráùn. Ó ní kí n gbá a bí mo ṣe ń gbá a. Mo kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù bọ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n dúró.

"Ibo ni òjò ń gbé yanrìn lọ?"

"Apá òsì mi, Bàbá."

"Ibo ni ọwọ́ rẹ ń tì í sí?"

Mo wo ìgbálẹ̀. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún máa ń gbá nǹkan láti ọ̀tún sí òsì ni, òfin kò sì jẹ́ kí n kọjú síbòmíràn. Ibi tí òjò ń gbé e lọ náà ni mo ń bá a tì í sí, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ọwọ́ Bíọ́lá, láti òsì sí ọ̀tún, ń dá a padà sókè lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀ rárá.

Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ kò sọ fún mi, Bàbá?"

Ó ní, "O kò béèrè ìdí rí. Ihò lò ń béèrè. Ọwọ́ Bíọ́lá ni mo gbé e fún, kì í ṣe ojú rẹ̀."

Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ó fi sí òsì, ó sì lọ kírun. Mo gbìyànjú. Ó dà bí ìgbà tí adìẹ bá ń tú ààtàn.

Ẹ lè rò pé owú náà á rọ̀ nígbà tí mo ti mọ ìdí. Ńṣe ló le sí i. Bó bá jẹ́ ojúrere ni, mo lè máa retí ọjọ́ tí yóò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ọwọ́ wá ni, ìyá rẹ̀ ló bí i mọ́ ọn. Bíọ́lá padà dé, ó wo bíráùn, ó ní, "Áà! Ta ló jókòó sórí ihò mi?" Kí oṣù náà tó parí, keje ti tẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀.

Bàbá Lámídì ṣiṣẹ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Mo lọ kí i ní Ìlarò kó tó kú. Kò béèrè nípa keje. Ó ní, "Ìkẹrin ńkọ́?" Mo ní ó wà dáadáa. Ó ní, "Mo mọ̀." Òun nìkan ló béèrè ìkẹrin lọ́wọ́ mi rí, mo sì sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi dé Ayétòrò.

Lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan ń yí padà. Wọ́n fún wa ní irin gbọọrọ tí a so kápẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn. Èèyàn á fà á yí ká bíráùn lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti parí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ìbàdí mi sinmi. Ní keje, irin náà ń yọ̀ lọ sí ìhà ọ̀gbun, nítorí náà Bíọ́lá kò fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹgbẹ́ ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ gbogbo ihò lórúkọ, wọ́n sì kun pátákó fún wọn. Ìkejì ń jẹ́ Ọ̀nà Màlúù. Keje ń jẹ́ Ọwọ́ Bíọ́lá. Ìkẹrin ń jẹ́ Ìkẹrin.

Ní ìkẹyìn, koríko dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kàwé nípa rẹ̀ ló wá, wọ́n gbẹ́ bòhóòlù, wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń gé koríko. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bíráùn mẹ́jọ ló sọ di koríko tó lẹ́wà, ìkẹrin mi ló sì hù dáadáa jù. Ní keje, omi kò dúró, koríko kú lẹ́ẹ̀mejì, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi yanrìn sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ yọ̀. Ẹ̀rọ gba iṣẹ́ mi, mo fẹ̀yìntì, wọ́n fún mi ní fáànù kan. Bíọ́lá ló ṣẹ́ kù, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi òsì gbá àgbàlá mi. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sí ìhà gọ́tà, mo sì máa ń dúró kí gọ́tà wà lápá òsì mi. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ bó. Fúnkẹ́ ní, "Màmá, kí ló ṣe ọwọ́ ọ̀tún yín?" Mo ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé bí ẹ bá ṣáà ti fẹ́ràn iṣẹ́ kan, ó ti tó, ẹ ní kó wá bá mi sọ̀rọ̀.

Bíọ́lá nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀ òní. Mo gbé àga fún un. Ó jókòó.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ kan wà ní Ọjà-Ọ̀dàn. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí i. Ó lágbára, ara rẹ̀ yá."

Mo ní, "Kí ló wá gbé ọ wá sọ́dọ̀ mi?"

"Wọ́n ní ẹ ń fi òsì gbálẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Mo wá fojú ara mi rí i." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìgbálẹ̀. "Ẹ máa gbá a lọ."

Mo kọjú sí i, mo ń fi ẹ̀yìn rìn, mo ń gbá a láti òsì sí ọ̀tún, títí ẹ̀yìn mi fi kan ògiri. Ó bọ́ bàtà. Ó mú bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó fi ọmọńdinrín ẹsẹ̀ tì í bí Bàbá ti máa ń ṣe. Bọ́ọ̀lù náà ń bọ̀ tààrà lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ yẹn, kò ta gìrì, kò yà, ó wá kan ẹsẹ̀ mi.

Bíọ́lá wá mú bọ́ọ̀lù rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ ẹ fún tó báyìí?"

"Mo ń jowú ẹ," mo sọ fún un. N kò sọ ọ́ jáde lẹ́nu rí.

Ó ní, "Mo mọ̀. Gbogbo pápá ló mọ̀. Àwọn màlúù ihò kejì pàápàá mọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, n kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní òun máa sọ fún ọmọ Ọjà-Ọ̀dàn pé kó ṣì ní sùúrù. Mo sìn ín dé ìdí ọ̀kadà. Ó gùn ún, ó gbé ọwọ́ òsì tó ń dùn ún lé itan, ó wá yíjú padà.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ mi kò ní kúrò lára pátákó yẹn o."